Ẹyin Tí Mo Kó Létí Ọ̀sà

Sátidé, 4 Jánúárì 1958

Ọyẹ́ ọdún yìí kò mojú ẹnìkan. Ètè mi ti là, gìgísẹ̀ mi ti là, pátákó ilé ìwé pàápàá ti là. Adéfọlá ọkọ mi tẹ̀ lé igi gẹdú wọn lórí omi lọ sí Èbúté-Mẹ́ta láti Tọ́sìdé, ó ní ó di ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé. Ó wá ku èmi, oyún oṣù mẹ́fà, àti ebi. Irú ebi wo nìyí? Mo jẹ ẹ̀bà, n kò tíì fọwọ́ tán, mo tún ń wo ìkòkò.

Mo lọ rẹ gbágùúdá létí ọ̀sà ní ìyálẹ̀ta, mo bá rí ẹyin. Ajá kan ló ti hú iyanrìn níbẹ̀, ẹyin funfun tóbi-tóbi ń yọjú. Mo mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ Nimota ni. Kò síbi tí àwọn aláìnítìjú yẹn kì í yé sí. Mo kó mẹ́fà, mo fi ìyókù sílẹ̀ kí ojú má bàa tì mí jù. Bí mo ṣe ń nàró, nǹkan ńlá kan já lu omi lẹ́yìn mi, omi ta sí mi láṣọ. Ẹja ibí yìí ti yájú jù.

Mo se mẹ́rin. Pupa rẹ̀ dì, funfun rẹ̀ kò dì. Mo dá a padà síná, mo jókòó tì í, omi gbẹ, mo tún bu omi sí i. Kò dì síbẹ̀, ó kàn ń ṣe yọ̀bọ̀-yọ̀bọ̀ bí ògì tí iná rẹ̀ kò tó. Ebi kò jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo bu iyọ̀ sí i, mo gbé e mì. Ó ń rùn bí ẹja díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Mo tẹ méjì tó kù sínú gààrí kí wọ́n má fọ́. N óò sọ fún Nimota lọ́jọ́ Mọ́ńdè, yóò bú mi, a óò rẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè, 6 Jánúárì

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rò ló ń rín.

"Tíṣà, pẹ́pẹ́yẹ mi wo?"

"Àwọn méjèèjì tí ẹ ń sìn."

"Akọ ni wọ́n. Àwọn méjèèjì."

Nimotalahi yìí, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni, ọkọ rẹ̀ ń rán aṣọ, òun ń ta iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Èmi ọmọ Òkè-Sopẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ọmọ Àgọ́, àwa méjèèjì nìkan ni ará òkè ní gbogbo èbúté yìí. Ẹni tí mo lè bi léèrè nìyí, kò sì mọ̀ ju mi lọ. A jókòó, a ń wo ara wa. Ta ló yé e?

Sọ́ńdè, 19 Jánúárì

Mo gbé! Mo gbé!

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ọkọ mi pè mí sábẹ́ igi àgbọn. Ìyá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Ìyàwó, oyún yìí ti jókòó. Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ omi fún ọ."

Méjì ti bọ́ lára mi ṣáájú èyí, kò sí èyí tó kọjá oṣù kẹta nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì bá mi sọ ọ́. Mo ṣáà mọ̀ pé ilé ọkọ mi kì í pa ọ̀nì. Wọ́n ní ọ̀nì ló gbé bàbá ńlá wọn kọjá ọ̀sà nígbà ogun. Ó dáa, kí wọ́n má pa á. N kò mọ̀ pé ó kàn mí.

Ó kàn mí o. Ní ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn óò mú èmi àti ọmọ wọ inú omi. Bàbá Zechariah, olórí ẹbí, ni yóò gbé ọmọ náà dání. Wọ́ọ̀dìn ìjọ ni Bàbá Zechariah o, òun ló ń ka owó ọrẹ! Yóò bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, "Ìyàwó wa, ǹjẹ́ ẹnu rẹ mọ́?" Bí mo bá ní ó mọ́, ìyẹn ni pé látìgbà tí ọmọ ti wà nínú mi n kò fẹnu kan ọ̀nì, yóò ri ọmọ bọ omi, ọmọ ti di ọmọ ilé.

"Ìyá, ṣebí ọmọ bàbá mi ni mí. Èèwọ̀ yín kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ mi."

"Ta ní ń sọ tìẹ? Ọmọ wa ló wà nínú rẹ. Ẹnu rẹ ló fi ń jẹun."

"Bí ẹnu náà kò bá wá mọ́ ńkọ́?"

"Ọmọ tí kò bá kan omi, ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ni. Kò nílẹ̀ níbí, kò lódò níbí, a kò sì ní pè é lórúkọ."

"Bí ìyàwó bá parọ́ ńkọ́?"

"Omi ń gbọ́."

Mo rọra bi í pé, "Ìyá, ṣé ọ̀nì máa ń yé ẹyin?"

Ìyá wò mí bí ẹni pé n kò gbádùn. "Kí ni kó ṣe bí kò bá yé? Kó lọ bímọ ní ọsibítù?"

Túsìdé, 21 Jánúárì

Àbí kì í ṣe ọ̀nì?

Fúráìdé, 24 Jánúárì

Mo lo ọgbọ́n. Mo pàdé Àkànjí apẹja níbi tó ti ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, mo ní mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyin. Ẹyin wo ni funfun rẹ̀ kì í dì bí a bá sè é?

"Ti alábahun odò," ó wí kíákíá. "Ẹ lè sè é di ọ̀la."

Orí mi wú! Alábahun kì í ṣe èèwọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti yíjú padà láti lọ nígbà tó fi kún un pé, "Roboto ló sì máa ń rí, kò tó ọsàn wẹ́wẹ́."

Tèmi gùn. Tèmi ju ẹyin adìẹ lọ dáadáa.

"Ti awọ́nríwọ́n ńkọ́?"

"Ìyẹn rọ̀ bí awọ bàtà."

Tèmi le koko. "Èwo ló wá kù?"

Àkànjí fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi. "Tíṣà," ó wí, "ẹ bá mi kí Ìyá nílé."

Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Ṣé ó mọ̀ ni, àbí ó kàn kí Ìyá? Gààrí ti gbówó lórí lọ́jà Ìwòpín, ẹja gbígbẹ sì ti kọjá ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn. Mo rà á lọ́nàkọnà. Ẹ̀rù kò dí ebi yìí lọ́wọ́.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

Èmi àti Nimota pinnu pé ká fọ́ ọ̀kan nínú méjì tó kù, kí a wo inú rẹ̀. Ilé ìdáná rẹ̀ la ti ṣe é, a ti ilẹ̀kùn. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn. Nǹkan kékeré kan ká jọ sáàárín, ojú rẹ̀ dúdú, ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọkàn rẹ̀ ń lù.

"Ó ní ìrù," mo wí.

"Ti adìẹ náà máa ń ní ìrù tó bá ṣì kéré báyìí."

"Ẹ ti rí i rí?"

"Rárá."

A ń wò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi dúró. Ẹkún bá gbọ̀n mí. N kò lè sọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún fún Nimota, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Méjì tèmi náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ wò wọ́n, ohun tó máa rí nìyẹn. Èmi tí mo ń gbàdúrà kí wọ́n fi ti inú mi sílẹ̀ fún mi, èmi náà ni mo fi ṣíbí fọ́ ti ẹlòmíràn. Bó jẹ́ ọ̀nì, bó jẹ́ ẹyẹ, ó ní ìyá.

N kò ní fọ́ ìkejì. Mo bu iyanrìn sínú ìkòkò, mo rì í sínú rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, níbi tí kò gbóná jù. Òun ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́.

Mọ́ńdè, 17 Fẹ́búárì

Ìsinmi àárín táàmù. Mo ti lọ sí Òkè-Sopẹ́n mo ti dé. Ọkọ̀ ojú omi, lọ́rì, eruku, lọ́rì míràn. Agbẹ̀bí ní ọmọ dorí kodò dáadáa, kí n máa jẹun. Ó sọ fún ẹni tó yẹ.

Mo ṣàpèjúwe ẹyin náà fún àwọn ará ilé, n kò sọ ìdí. Ọláwálé ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í pẹ́ mọ nǹkan, ní ẹyin igún ni. Igún! Bàbá mi ní rárá, òjòlá ni, òun ti rí irú rẹ̀ nínú oko kòkó ní Japara. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ó di ariwo. Ìyá mi ń bó iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹyin ni. Ó ti jẹ ẹ́, ó ti yà á dànù. Kí lẹ ń dààmú ara yín sí?"

Bí mo ṣe ń lọ, ẹranko kan ló wà lọ́kàn mi. Mẹ́ta ni mo kó bọ̀.

Mọ́ńdè, 10 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀! Ilẹ̀ ń rùn dídùn-dídùn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sá jáde, n kò bá wọn wí, èmi náà fẹ́ sá jáde.

Ìyá wọ ilé ìdáná mi wá yá iyọ̀. Ó rí ìkòkò.

"Kí ló wà nínú eléyìí?"

"Òróǹbó ni, Ìyá. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú iyanrìn kó má bàa gbẹ."

"Òróǹbó. Létí iná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó bu iyọ̀, ó lọ. Èmi tí mo na ọmọ Leah ẹlẹ́ja lẹ́gba ní Fúráìdé torí pé ó parọ́ ìwé tó sọnù. Háà, Lará!

Sọ́ńdè, 23 Máàṣì

Ọkọ mi dé lánàá. Ó sanra, orí rẹ̀ yá, ó ra aṣọ àlàárì fún ìkómọ. Mo jẹ́ kó jẹun tán, mo jókòó tì í, mo sọ ohun gbogbo fún un láti orí ajá títí dé orí igún.

Ó wá ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé ọ̀nì ni?"

"Kò dá mi lójú."

"A jẹ́ pé ẹnu rẹ mọ́."

"Adéfọlá, bí kò bá dá mi lójú pé ó dọ̀tí, ṣé ìyẹn ni pé ó mọ́?"

"Lará, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Sọ ọ́, kí wọ́n fún wa lọ́mọ wa. Bàbá Zechariah kò ní yẹ ọ́ lẹ́nu wò."

Òun ló máa ń bá àwọn oníbàárà gẹdú nájà, kò sí ohun tí kò lè wọ́ sọ́tùn-ún sósì. Inú bí mi, n kò bá a sùn lórí ẹní kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rò ó pé bóyá òun ló lóye. Bí mo bá sọ òtítọ́, ọmọ mi pàdánù ilé. Bí mo bá parọ́ tí omi sì ń gbọ́ lóòótọ́ ńkọ́? Mo ti pàdánù méjì. Pásítọ̀ ní omi kì í gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe ọmọ pásítọ̀ ni wọ́n fẹ́ rì bọ̀ ọ́.

Nimota ń gba ààwẹ̀. Ó ní òun ń fi mí sínú àdúrà nígbà ìṣínu. Mo ní kó bá mi bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹyin kí ni.

Mọ́ńdè, 31 Máàṣì

Ọkùnrin. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọwọ́ Ìyá ló bọ́ sí. Ó ké, Ìyá náà ké. Ọlọ́run, mo dúpẹ́, mo dúpẹ́, n kò mọ ohun míràn tí mo lè kọ.

Tọ́sìdé, 3 Épírì

Ó ń ké! Ẹyin ń ké!

Mo ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná, mo gbọ́ "kíún, kíún" láti inú iyanrìn. Mo rò pé ọmọ mi ló jí. Ọmọ sùn. Mo gbé etí sí ìkòkò. Ohùn òròmọdìẹ gan-an ni! Mo ránṣẹ́ pe Nimota, ó sáré dé tòun ti ẹnu ààwẹ̀. Òun náà gbọ́ ọ.

"Ẹyẹ ni!" ó wí.

"Ẹyẹ ni!"

"Ọ̀nì kì í ké!"

"Ta ló gbọ́ ọ rí tí ọ̀nì ń ké?"

A dì mọ́ra, a ń jó láàárín èéfín. Gbogbo àyà jíjá yìí, ẹyẹ lásán! Ọ̀la Fúráìdé Rere, n óò lọ jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu mi mọ́. Ẹnu mi mọ́ tónítóní.

Sọ́ńdè Àjíǹde, 6 Épírì

Agogo àkọ́kọ́ ń lù nígbà tí mo wọ ilé ìdáná. Iyanrìn ń mì. Mo fọwọ́ gbá a kúrò, mo ń pè é ní "ẹyẹ mi, ẹyẹ mi." Èèpo ti là. Imú gígùn kan yọ jáde, ó bu ìka mi jẹ.

Kò gùn ju rúlà ilé ìwé lọ. Ó ní eyín. Ó ń wò mí, ó ń ké "kíún, kíún."

Ọ̀nì ni.

Mọ́ńdè, 7 Épírì

Mo ní láti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé mo sọ ọ́ lálàá.

Òwúrọ̀, ìkùukùu ṣì wà lójú omi. Àwọn ọkùnrin ilé dúró létí iyanrìn pẹ̀lú agbádá wọn, ọkọ mi wà láàárín wọn. Àwọn ìyàwó ilé dúró nínú omi tó mu wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, àgbà wọn ṣáájú, Ìyá wà láàárín. Bàbá Zechariah wọ inú omi dé orúnkún, ó gbé ọmọ mi dání. Èmi dúró níwájú rẹ̀, mo gbé igbá tí mo dé lọ́wọ́. Wọ́n rò pé oyin ló wà nínú rẹ̀.

Títí mo fi débẹ̀, n kò mọ èyí tí n óò sọ. Kí Ọlọ́run jẹ́rìí mi. Ọkọ mi wúkọ́ lẹ́yìn mi, mo mọ ohun tí ikọ́ yẹn ń wí.

"Ìyàwó wa, ǹjẹ́ ẹnu rẹ mọ́?"

Mo wo ọmọ mi. Ó ń wo ojú ọ̀run, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

"Kò mọ́," mo wí.

Bàbá Zechariah tẹ orí sílẹ̀ sí mi. "Ara rẹ kò tíì le ni. Fara balẹ̀. Ìyàwó wa, ǹjẹ́ ẹnu rẹ mọ́?"

"Kò mọ́, Bàbá. Ẹyin ni mo jẹ. Mẹ́rin. N kò mọ̀ pé ti ọ̀nì ni, mo rò pé ti pẹ́pẹ́yẹ ni. Mo tọ́jú ọ̀kan. Àná ló jáde." Mo ṣí igbá. Ó ké. Ọkùnrin méjì sáré kúrò létí omi, ọkọ mi fọwọ́ bo ojú.

Bàbá Zechariah wo igbá, ó wò mí. Mo rí i pé kò mọ ohun tó kàn. Ó yíjú sí àwọn ìyàwó ilé. "Ẹ̀yin àgbà," ó wí, "bí ìyàwó bá ní kò mọ́, kí la máa ń ṣe?"

Wọ́n ń wo ojú ara wọn.

"Mo ní kí la máa ń ṣe?"

"A kò mọ̀," Ìyá wí. "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Rí? Kò sẹ́nìkan?"

"Látìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, kò sí."

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó tó dàgbà jù nínú wọn ń tún gèlè ṣe. Èyí tó tẹ̀ lé e ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú omi bí ẹni tó sọ owó nù. Gbogbo wọn pátá ń wo omi, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Mo rí i pé Bàbá náà mọ̀.

"Ìyá tó bí èmi náà," ó wí wẹ́lẹ́, "ibí yìí ló dúró sí." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó wá gbé orí sókè. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan tí n óò bi ọ́. Ìyàwó wa, ṣé wàá tún jẹ ẹ́?"

"Láéláé, Bàbá."

Ó ri ọmọ mi bọ omi dé àyà. Ọmọ figbe ta, ariwo rẹ̀ dé òdìkejì. Bàbá gbé e lé mi lọ́wọ́, ó gba igbá, ó tẹ̀ ẹ́ sórí omi. Èyí tó wà nínú rẹ̀ dúró díẹ̀, ó wá rọra lọ láìwẹ̀yìn.

"Ọláníyọnu lorúkọ ọmọ," Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Pásítọ̀ ń dúró."

Ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi lọ́nà. Ó ní orí mi kò pé. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Wẹ́sìdé, 9 Épírì

Ìyá wá wẹ ọmọ láàárọ̀. Kò tíì dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ láti ìjẹta, èmi náà kò dá a sílẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ Ọláníyọnu sórí wọn, ó ń da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Tìẹ, ẹyin ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó fi kànìnkànìn fọ ọrùn ọmọ dáadáa, ó yí i padà. "Tèmi, ìrù ni. Nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ. Obìnrin kan sè é lọ́bẹ̀ ata lọ́jà Ìwòpín, ó ní ẹja ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹja."

Omi ń kán sínú agbada. Àánú ọmọbìnrin tó dúró nínú omi nígbà náà ṣe mí, tó fi ẹ̀rù omi tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, tó ń ka gbogbo ibà àti gbogbo ikọ́ sí ẹ̀bi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbọ́ tèmi.

"Ìyá, ṣé ó dùn?"

Ó gbé ọmọ mi dìde, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wé e sínú aṣọ.

"Lará, má jẹ́ kí n parọ́ lẹ́ẹ̀kejì."